Bí Ọkọ̀ Ẹnìkejì Rẹ Bá Dojú Dé

   Mo mọ̀ pé ní Ararọ̀mí-Òwu, ní Ìkirè, ní Àpòmù àti ní àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ẹlòmíràn yóò gbọ́ orí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá yìí, yóò sì wí pé, "Kí ni ó kan àwa àgbẹ̀ kòkó nínú ọ̀ràn ọkọ̀ tí ó dojú dé?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ó kàn yín.

Odò Ọ̀ṣun tí ó ti ilẹ̀ Èkìtì wá, tí ó gba Òṣogbo kọjá, kò jìnnà sí yín. Ní Àṣéjìrẹ́, ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn, wọ́n sé odò náà. Ìsédò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1972 kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi lò. Láti ìgbà náà ni adágún ńlá ti wà níbẹ̀, tí àwọn apẹja sì ń wa ọkọ̀ kékeré lórí rẹ̀. Kò tán síbẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Ararọ̀mí-Òwu lè má gbé Ararọ̀mí-Òwu títí ayé. Lọ́la, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ lè gbé e dé Ẹ̀pẹ́, Bàdágìrì, Ìkòròdú tàbí ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ènìyàn púpọ̀ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ọjà. Bí ó bá dé ibẹ̀, omi kò ní bi í léèrè bóyá ọmọ àgbẹ̀ ni tàbí ọmọ apẹja.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ kan kó àwọn tí wọ́n ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀, ó sì dà wọ́n sínú odò Ọya ní agbègbè Pàtígi, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Àwọn tí ó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ibi ayọ̀ ni wọ́n lọ. Ẹkún ni ó padà wọ ilé wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìṣirò pé nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa káàkiri ayé ní ọdún 2021 nìkan. Bí a bá fi owó ẹyọ àtijọ́ kà á, ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni.

Èmi kò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ nítorí pé ọ̀nà kan wà tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta fi lè ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé, ọ̀nà náà sì ṣeé kọ́ bí a ti ń kọ́ ìṣirò. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní wíwa káyáàkì ti là á sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Ọ̀dọ̀ wọn ni n ó ti yá a lálẹ́ òní.

Kí ni káyáàkì? Ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn ni, tí wọ́n bo ojú rẹ̀ láti imú dé ìdí. Ihò kan wà láàárín rẹ̀. Inú ihò náà ni awakọ̀ ń jókòó sí, tí yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú lábẹ́ ìbòrí ọkọ̀. Àjẹ̀ rẹ̀ ní ojú méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Bí omi bá le, awakọ̀ a máa fi aṣọ kan tí omi kì í gbà kọjá so mọ́ ìbàdí, a sì fi etí aṣọ náà dé ẹnu ihò, kí omi má baà wọlé.

Àwọn ẹ̀yà Inuit, tí wọ́n ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín ní ìhà àríwá pátápátá, ni ó ni ọkọ̀ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Igi àti egungun ni wọ́n fi ń gbé e ró, awọ ẹran omi ni wọ́n fi ń bò ó, iṣẹ́ ọdẹ ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Omi ọ̀dọ̀ wọn tutù tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò kú. Nítorí náà, wọ́n kọ́ ọgbọ́n kan: bí ọkọ̀ bá dojú dé, ọdẹ kò ní jáde, yóò fi àjẹ̀ gbá omi láti ìsàlẹ̀, yóò sì yí ara rẹ̀ àti ọkọ̀ padà sókè.

Ẹ má sì rò pé àwọn ará òkè òkun nìkan ni ó ni eré yìí lónìí. Jonathan Akinyemi wa káyáàkì fún Nàìjíríà nínú ìdíje Òlíńpíìkì ti ìlú London ní 2012. Ayomide Bello, ọmọbìnrin wa, wa ọkọ̀ kánúù fún Nàìjíríà nínú ìdíje ti Tokyo, tí wọ́n ṣe ní 2021. Ẹni tí ó bá sì ti dé Mákòko ní Èkó ti rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n ń fi àjẹ̀ kan ṣoṣo wa ọkọ̀ láàárín ilé.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí à ń pè ní Gino Watkins. Ó ṣáájú ẹgbẹ́ kan lọ sí Greenland ní ọdún 1930, ó sì kọ́ káyáàkì lọ́dọ̀ àwọn Inuit. Ó kọ́ bí a ti ń yí padà sókè, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó tún padà lọ síbẹ̀ ní ọdún 1932. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún náà, ó dá nìkan mú káyáàkì rẹ̀, ó lọ ṣọdẹ. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá a lọ, káyáàkì rẹ̀ ni wọ́n rí tí ó léfòó lójú omi. Wọn kò rí òun. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni.

Kí ni ó ṣe é? Kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí yóò sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó wà níbẹ̀ tí yóò na ọwọ́ sí i. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọgbọ́n tí ènìyàn fi ń gba ara rẹ̀ là dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní tó. Ọjọ́ náà ni ẹnìkejì ń wúlò. Ọ̀rọ̀ mi ti òní kò ju èyí lọ: kí ẹnìkejì wà, kí ó sì ti mọ ohun tí yóò ṣe kí ọjọ́ náà tó dé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó ṣubú, nítorí pé òun náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ará Ararọ̀mí, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ wà nínú orúkọ ìlú yín. Ara rọ̀ mí! Ẹni tí ara rẹ̀ bá rọ̀ nínú omi, omi yóò gbé e. Ẹni tí ó bá le gan-an, tí ó ń ja ọwọ́, tí ó ń ja ẹsẹ̀, tí ó sì ń la ẹnu, òun ni omi ń borí.

Bí káyáàkì bá dojú dé, orí awakọ̀ yóò wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wà lókè nínú ihò. Ohun tí ọkàn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mo há!" Kò há. Kí ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ fi ẹnu kan orúnkún. Kí ó fa okùn tí ó wà níwájú aṣọ ìbohò náà, aṣọ yóò ṣí. Kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹ̀gbẹ́ ihò, kí ó sì yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ́ ṣòkòtò. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó tí ó wọ̀, èyí tí àwọn awakọ̀ ń pè ní láìfù jákẹ́ẹ̀tì, yóò gbé e wá sókè.

Ó ti jáde. Kí ni ó kàn? Kí ó má fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Èmi fúnra mi ṣìnà níbẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní tí olùkọ́ mi ní kí n mọ̀ọ́mọ̀ dojú dé, mo jáde, mo sì mú etí odò pọ̀n bí ẹni tí ajá ń lé. Mo gbá omi, mo gbá a, mo dé èbúté pẹ̀lú èémí gígùn. Inú mi dùn pé mo yè. Olùkọ́ kò bínú. Ó kàn nawọ́ sí àárín odò, ó ní, "Ọmọ mi, ta ni ó ni ọkọ̀ tí ń lọ lọ́hùn-ún yẹn?" Mo wò ó, ọkọ̀ mi ni, òun àti àjẹ̀, wọ́n ń bá omi lọ. Ó ní, "Bí odò yìí bá jẹ́ ọ̀sà, tí etí rẹ̀ sì jìn ní máìlì méjì ńkọ́?" N kò ní èsì kankan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ tí ó dojú dé ṣì jẹ́ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ó ń léfòó. Ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn yóò rí ọkọ̀, kò ní rí orí ènìyàn. Dì í mú, má sì yí i padà, nítorí pé bí o bá yí i padà, omi yóò kún inú rẹ̀. Dì í mú, kí o sì ké sí ẹnìkejì rẹ.

Nísinsin yìí ó kan ẹnìkejì. Jẹ́ kí n bá ìwọ ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ bí ẹni pé ìwọ ni ó wà nínú ọkọ̀ kejì. Gbọ́ mi dáadáa.

Èkínní, wò ó ná kí o tó sún mọ́ ọn. Ṣé kùkùté igi wà níbẹ̀? Ṣé ìṣàn omi yóò gbé ìwọ náà lọ? Èkejì, bá a sọ̀rọ̀. Pè é ní orúkọ rẹ̀. Ní, "Mo ń bọ̀. Di ọkọ̀ rẹ mú. Ṣé o kò fara pa?" Ohùn ènìyàn jẹ́jẹ́ jẹ́ oògùn fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ẹ̀kẹta, má ṣe jẹ́ kí ó di ọrùn rẹ tàbí apá rẹ mú. Ní kí ó di ọkọ̀ mú, tirẹ̀ tàbí tìrẹ. Ẹni tí ń rì kò mọ ọ̀rẹ́; ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ni yóò gùn. Báyìí ni a ṣe ń pàdánù ẹni méjì dípò ẹnìkan.

Ẹ̀kẹrin, mú imú ọkọ̀ rẹ̀ tí ó dojú dé. Fà á kí ó dábùú iwájú rẹ, kí ọkọ̀ méjèèjì dà bí àgbélébùú tí a gé orí rẹ̀. Gbé imú náà gun orí ìbòrí ọkọ̀ tìrẹ. Bí ó bá wúwo, ní kí ẹni tí ó wà nínú omi lọ tẹ ìdí ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, imú yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bí imú bá ti gòkè, omi tí ó wà nínú rẹ̀ yóò dà jáde. Dúró títí yóò fi dà tán. Lẹ́yìn náà, yí ọkọ̀ náà sójú rere, kí o sì tì í padà sórí omi.

Ẹ̀karùn-ún, mú ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ tìrẹ, kí imú tirẹ̀ kọjú sí ìdí tìrẹ. Nà lé e lórí, kí o fi ọwọ́ méjèèjì di etí ihò ìjókòó rẹ̀ mú gírígírí. Níbí yìí ni ọkọ̀ méjì ti di ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ń mì, méjì tí a dì pọ̀ kì í tètè mì. Ṣé ẹ rí i pé àgbájọ ọwọ́ tí àwọn baba wa ní a fi ń sọ̀yà kì í ṣe ti orí ilẹ̀ nìkan?

Ẹ̀kẹfà, ní kí ó wá sí ẹ̀yìn ihò ìjókòó, kí ó fi ẹsẹ̀ gbá omi títí ara rẹ̀ yóò fi na gbọọrọ lójú omi, kí ó sì fi àyà fà gun orí ọkọ̀ rẹ̀. Kí ó dojú bolẹ̀, kí ó kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ sínú ihò, kí ó wá rọra yí padà jókòó. Ní gbogbo àkókò yìí, ìwọ kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ etí ihò. Ó lè jókòó tán kí ó ní, "Ó tó, fi mí sílẹ̀." Má fi í sílẹ̀. Jẹ́ kí ó mí. Jẹ́ kí ó fi aṣọ dé ihò rẹ̀. Jẹ́ kí ó gba àjẹ̀ rẹ̀. Bi í léèrè bóyá ojú ń pòòyì í. Ìgbà tí ó bá dá ọ lóhùn pẹ̀lú ohùn tí kò gbọ̀n ni kí o tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà kan sì tún wà tí ó yá ju èyí lọ, fún àwọn tí wọ́n ti mọ omi díẹ̀. Ẹni tí ó dojú dé kò ní jáde rárá. Yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, yóò gbá ìdí ọkọ̀ náà gbà, gbà, gbà, yóò sì máa fi ọwọ́ nù ún síwá sẹ́yìn. Ìkejì rẹ̀ yóò rọra mú imú ọkọ̀ tirẹ̀ wá bá ọwọ́ náà. Ẹni ìsàlẹ̀ yóò di imú náà mú, yóò fi ìbàdí yí ọkọ̀ rẹ̀ padà, orí rẹ̀ ni yóò sì jáde kẹ́yìn. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó gba kí ẹnìkejì wà nítòsí gan-an, kí ó sì má ta ọkọ̀ rẹ̀ lu ọwọ́ tàbí orí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ó yé mi. Bí mo bá ti rí ẹni tí ó ṣubú, mo lè sáré bá a." Ẹ dúró ná. Àwọn olùkọ́ káyáàkì ní òfin kan tí wọ́n ń fi kọ́ ọmọ, ó sì lè dà bí òfin aláìláàánú létí ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀. Wọ́n ní: ìwọ fúnra rẹ ni àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ tí o kó lọ́wọ́ ni èkejì, ẹni tí ó ṣubú ni ẹ̀kẹta, ọkọ̀ àti ẹrù ni ó kẹ́yìn. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí ni pé bí ìwọ olùgbàlà bá rì, kò sí ìgbàlà mọ́. Bí o bá sì kọ ẹ̀yìn sí ẹni mẹ́jọ nítorí ẹnìkan, o lè wá ẹni mẹ́jọ náà tì.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Lyme Bay ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jẹ́ kí èyí yé yín. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1993, àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ láti ìlú Plymouth, pẹ̀lú tíṣà wọn kan àti olùkọ́ káyáàkì méjì, gbé káyáàkì sójú òkun. Ìrìn wákàtí díẹ̀ ni wọ́n pè é. Wọn kò tíì jìnnà tí tíṣà fi dojú dé. Olùkọ́ kan dúró tì í láti ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí ó ti ń gbé e sókè ni ó tún ń ṣubú. Àwọn ọmọ mẹ́jọ àti olùkọ́ kejì di ọkọ̀ wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n ń dúró dè wọ́n. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti ilẹ̀ lọ sí òkun, ó sì ń gbé wọn lọ díẹ̀díẹ̀ títí wọn kò fi rí ara wọn mọ́. Ìgbì bo ọkọ̀ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn kò ní rédíò, wọn kò ní iná tí wọ́n lè yìn sójú ọ̀run kí àwọn ará ilẹ̀ fi mọ̀ pé wọ́n wà nínú ewu. Wákàtí púpọ̀ kọjá nínú omi tútù kí hẹlikópítà tó rí wọn. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú.

Ẹjọ́ náà dé kóòtù. Ó hàn pé olùkọ́ méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí ní ibùdó tí ó ṣètò ìrìn náà ti kọ ìwé ìkìlọ̀ sí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ nípa ewu, kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1994. Ní ọdún 1995, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ibùdó tí yóò bá máa kó ọmọdé lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, lẹ́yìn tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n kò jí ọmọ mẹ́rin dìde.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà, ẹ wo ọ̀ràn náà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣubú kọ́ ni omi pa. Àwọn tí kò ṣubú, tí wọ́n jókòó dúró de ìrànwọ́, ni ó kú nínú wọn. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń gbé ẹni tí ó ṣubú sókè, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ àwọn tí ó kù: níbo ni atẹ́gùn ń gbé wọn lọ, ta ni ó ti rẹ̀, ta ni òtútù ń mú? Kí ẹ tó kúrò ní èbúté, ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnìkan lórí ilẹ̀ ibi tí ẹ ń lọ, wákàtí tí ẹ ó dé, àti ohun tí yóò ṣe bí ẹ kò bá dé. Lóde òní, fóònù alágbèéká tí a dì sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀ kì í ṣe ẹrù wúwo.

Ẹ̀yin apẹja Àṣéjìrẹ́ lè wí pé, "Ọkọ̀ tiwa kò ní ìbòrí, kò sì ṣeé gbé gun orí ọkọ̀ mìíràn." Òótọ́ ni. Ọkọ̀ tí a gbẹ́ láti ara igi, tàbí tí a fi pákó kàn, wúwo púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà kò yí padà. Ọkọ̀ pákó tí omi kún kì í sábà rì pátápátá. Ẹ dì í mú, ẹ má fi í sílẹ̀ lúwẹ̀ẹ́ lọ. Bí ẹ bá jẹ́ méjì nínú omi, kí ọ̀kan wà lápá ọ̀tún, kí èkejì wà lápá òsì, kí ẹ̀yin méjèèjì má baà fà á dojú dé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ kejì tí ó bá wá, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a di etí ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, kí a sì máa fi igbá gbọ́n omi jáde. Ìgbà tí ó bá fúyẹ́ ni kí a tó gun un, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kejì sì dì í mú.

Ẹni tí ó wà ní etí odò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí o kò bá kọ́ ìgbàlà, má bẹ́ sínú omi tọ ẹni tí ń rì lọ. Na ọ̀pá sí i. Ju okùn sí i. Ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pa sí i. Kẹ́ẹ̀gì òróró tí ó wà nílé yín yẹn lè gbé àgbàlagbà léfòó. Ké ìbòòsí kí ènìyàn lè pọ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ẹni náà gúnlẹ̀ tí kò mí, ẹ má gbé e sorí kọ́, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Ẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n fẹ́ èémí sí i lẹ́nu, kí ó sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀, bí ẹlòmíràn ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni. Ẹni tí ó jẹ dòdò Ìkirè lójoojúmọ́ kò tíì mọ bí a ti ń dín in. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọmọ tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi lálẹ́ òní kò tíì mọ ìgbàlà. Ó ní láti fi ara ṣe é. Ibi omi tí ó mọ́ tí ó sì dákẹ́, tí kò kọjá àyà ọmọ náà, ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo wọn wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí olùkọ́ sì dúró sínú omi, kì í ṣe lórí bèbè. Kí a kọ́kọ́ ṣe gbogbo rẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ọwọ́ mọ ibi okùn náà kí ojú tó wọ inú omi. Kí a pín wọn ní méjì-méjì, kí ẹni tí ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan di ẹni tí yóò gbani lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ tí kò bá tíì wà nínú omi rí kò lè mọ bí ó ti dùn tó láti gbọ́ pé, "Mo ń bọ̀."

Bí ọmọ kan bá sì kọ̀, tí ẹ̀rù ń bà á, ẹ má fi ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì tì í sínú omi. Ẹ jẹ́ kí ó di ọkọ̀ mú fún ẹlòmíràn ná. Mo ti rí i pé ọmọ tí ó kọ́kọ́ gba ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ a máa gbójú láti dojú dé fúnra rẹ̀, nítorí pé ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ẹni tí ó ṣubú ń dìde.

Kí wọ́n ṣe é lónìí, kí wọ́n tún un ṣe lọ́la, títí ọwọ́ yóò fi mọ̀ ọ́n láìbéèrè lọ́wọ́ orí. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò bá kó ìgbàlà dání láti inú omi tí ó dákẹ́, kò ní rí i yá lọ́jọ́ ìjì.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní ọ̀la, nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé-ìwé, ẹ wo ẹni tí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ bi ara yín pé: bí ọkọ̀ òun bá dojú dé, ǹjẹ́ mo mọ ohun tí n ó ṣe? Bí tèmi bá dojú dé, ǹjẹ́ òun mọ̀ ọ́n? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ lọ bá tíṣà yín, kí ẹ sì ní kí ó wá ẹni tí ó mọ omi tí yóò kọ́ yín. Kò sí àsè tàbí ìnáwó nínú ìbéèrè.

Ẹ̀yin ará Ararọ̀mí-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù, ẹ̀yin olùgbọ́ wa gbogbo, kí ara ó rọ̀ wá, nílé, lóko àti lójú omi. Ó dàárọ̀ o.